Ọdún Ọ̀fìnkìn Ńlá ní Agboolé Aláró

Ní Kùmásì tí wọ́n bí mi sí, bí àwọn òbí mi bá sọ pé "ilé", kì í ṣe ilé tí a ń gbé ni wọ́n ń wí. Ilẹ̀ Yorùbá ni. Bàbá mi ti kúrò ní ìlú rẹ̀ lókè Ọ̀yọ́ láti kékeré, nígbà tó ń ru ẹrù aṣọ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri, kò sì sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí òjò bá rọ̀, yóò ní òjò ilé ju èyí lọ. Bí ìyá mi bá se ọbẹ̀ tó dùn, yóò ní ata ilé ni kò sí níbẹ̀. Èmi tí àwọn ọmọ Àṣáńtì ń pè ní Ànàgó gbà pé ibì kan wà lábẹ́ ọ̀run tó jẹ́ pé bí mo bá fi ẹsẹ̀ kàn án, n kò ní í ṣe àlejò mọ́.

Ní òwúrọ̀ tí mo ń lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn, bàbá mi ń so okùn mọ́ àpótí mi. Àwọn ará àdúgbò ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó: ó ń rán ọmọbìnrin lọ kàwé, àfi bí ẹni pé ìwé ni ọmọ náà yóò fi se ọbẹ̀ fún ọkọ. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. Ó bá mi tún ọrùn aṣọ mi ṣe, ó ní, "Bí o bá ti délé, kí o fi ránṣẹ́ sí wa. Má jẹ́ kí n máa wo ojú ọ̀nà."

Lọ́jọ́ tí mo dé, mo tẹ wáyà sí wọn pé mo ti dé láyọ̀. Ìyá mi kò gbà. Nínú gbogbo lẹ́tà tí bàbá mi kọ sí mi lọ́dún àkọ́kọ́, ìbéèrè kan náà ló máa ń wà nísàlẹ̀: ìyá rẹ ní ṣé o ti délé? Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé kò yé e ohun tí wáyà ń jẹ́ ni.

Ìbàdàn yà mí lẹ́nu. Kùmásì kì í ṣe abúlé, mo ti rí èrò rí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí gbogbo èrò ti ń sọ èdè ìyá mi. Ọlọ́pàá ń sọ ọ́, awakọ̀ ń fi í bú ara wọn, ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ń fi í sunkún. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé Ọjà'ba, ńṣe ni mo dúró sójú kan tí mò ń gbọ́ ọ, tí omi sì lé sí mi lójú. Mo wá lọ bá ìyá kan tó ń ta òwú, mo kúnlẹ̀, mo kí i bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wá gbọ́ ọmọ yìí o! Ó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá tó bí ìyá mi! Ọmọ ibo ni ọ́?"

Mo ní Kùmásì.

"Ẹn-hẹ́n," ó ní, ó sì fi òwú lé mi lọ́wọ́ tìyọ́nútìyọ́nú. "Àlejò ni."

Yorùbá tí àwọn òbí mi gbé lọ sájò lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n fi kọ́ mi. Ti Ìbàdàn ti rìn síwájú, tiwa dúró dè wá. Báyìí ni mo ṣe di ẹni méjì: Kùmásì ń pè mí ní Ànàgó, Ìbàdàn ń pè mí ní ọmọ Kùmásì, kò sì sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ní yunifásítì, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ilé ìkàwé wọn tóbi, ó mọ́, ó tutù, ẹni tó bá wúkọ́ níbẹ̀ á tọrọ gáfárà. Mo kọ́ láti jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan jáde lẹ́nu. Mo gbà pé bí ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, gbogbo wọn ló sì ní ibi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi. Èmi a fọ aṣọ mi, a sá a, a jókòó tì í títí yóò fi gbẹ.

Ọdún kejì tí mo wà níbẹ̀ ni ọ̀fìnkìn ńlá dé. Ìwé ìròyìn ti kọ́kọ́ sọ pé ó wà ní ìlú àwọn ará Ṣáínà, a kà á, a ṣí ojú ewé. Ìgbà tí a máa fi mọ̀, ó ti gba orí omi dé. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìdajì àwọn tó yẹ kó wà ní kíláàsì kò sí níbẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibùsùn kún ní ilé ìtọ́jú, wọ́n ń tẹ́ ẹní sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ wá kéde pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹbí nínú ìlú, tí ara rẹ̀ ṣì le, máa lọ sọ́dọ̀ wọn títí àìsàn náà yóò fi rọlẹ̀. Ìdánwò ń bọ̀, wọn kò sún un. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, ilé ló ń lọ.

Mo di àpótí mi bí àwọn yòókù ṣe ń dì. Mo gbé e síta, mo jókòó lé e. Ibẹ̀ ni Àlàbí bá mi. Èmi àti Àlàbí jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn, ọmọ àdúgbò Bẹyẹrunkà nínú ìlú ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo ń rò ó."

"Wọn kì í ro ilé," ó ní, ó sì gbé àpótí mi lé èjìká. "Dìde, ọmọ Kùmásì. Ilé ìyá àgbà mi gba ogójì ènìyàn, yóò gbà ọ́."

Orí òkè Màpó la gbà. Nígbà tí a dé ọ̀gangan ibi tí èèyàn ti ń rí ìsàlẹ̀, mo ní kí Àlàbí dúró. Òrùlé páànù ló lọ salalu, ó pọ́n bí osùn, ọ̀kan fi orí ti èkejì, kò sí ibi tí ojú mi rí òpin rẹ̀. Èéfín ìdáná ń jáde láàárín wọn. Mo ro bí èèyàn tó wà lábẹ́ àwọn páànù yẹn ti pọ̀ tó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹni tó lè sọ orúkọ baba rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. Àlàbí ní kí n má wò ó jù, kí ìlú má bàa gba owó orí lọ́wọ́ mi.

Agboolé aláró ni agboolé wọn. Ẹ̀yìnkùlé kún fún ìkòkò aró, òórùn rẹ̀ sì ti ń kí èèyàn láti ojú títì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ láfún sára rẹ̀ láti fi ya àwòrán ẹyẹ àti ewé, àti òpó gbọ̀ngàn Màpó pàápàá, kí aró má bàa mú ibẹ̀. Bí a ṣe wọlé, obìnrin kan tí kò jù mí lọ púpọ̀ sọ ìyẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta.

"Yéè! Akọ̀wé mú ìyàwó dé!"

Gbogbo wọn dìde. Ẹnìkan ti ń gba àpótí mi, ẹnìkan ti ń bu omi. Àlàbí ń na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

"Ìyàwó wa, má pa mí! Ọmọ ilé ìwé wa ni. Kò ní ẹnìkankan nílùú yìí."

Ìyàwó Sálíù, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé, lobìnrin náà, ìyàwó tó kéré jù lágboolé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Mo bi Àlàbí léèrè lẹ́yìn náà ìdí tó fi ń pè é ní Akọ̀wé. Ó ní, "Ṣé o ò mọ̀ ni? Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Òun ni yóò fún un ní tiẹ̀." Mo mọ̀. Ìyá mi ti sọ fún mi rí, nígbà tó ń di irun fún mi, pé ká ní ilé ni wọ́n bí mi sí ni, àwọn ìyàwó ilé ì bá ti fún mi ní orúkọ aládùn kan. Ní Kùmásì, èmi àti àwọn òbí mi nìkan ló wà nínú ilé, kò sí ìyàwó ilé kankan. Mo dàgbà láìní irú orúkọ yẹn. Ìyàwó Sálíù ń pè mí ní ọmọ Kùmásì bíi gbogbo ayé.

Ìyá àgbà Àlàbí ni olórí wọn, Ìyá Aláró ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Aró ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú dé ìgúnpá, kò sì ní í ṣí mọ́ láé. Ó wò mí títí, ó ní, "Ta ni baba rẹ?" Mo sọ. "Ìlú wo?" Mo sọ. Ó mi orí. "N ò mọ̀ wọ́n. Kò burú. Jókòó, jẹun." Àlàbí lọ ń sùn lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ, kí ayé má bàa rí ọ̀rọ̀ sọ, èmi sì gba yàrá tó wà nídìí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo rò pé mo ti sá mọ́ àìsàn náà lọ́wọ́, àṣé inú àpótí mi ló wọ̀. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni ibà wó mi lulẹ̀. Egungun ń ro mí bí ẹni tí wọ́n gún nínú odó. Mo gbọ́ tí Ìyá Aláró ń pàṣẹ níta, ohùn rẹ̀ ò sì mì.

"Lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn ìgbà èwe mi, nìyí, aṣọ ló pààrọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa wọlé tọ̀ ọ́, èmi ni. Ẹ̀yin yòókù, ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ ti máa kí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kí i o! Ẹni tó bá ń kọjá, kó kí i, kó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bó bá ṣì ń dáhùn, ọwọ́ wa ṣì tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n kí mi! Mo rántí ọjọ́ wọ̀nyẹn bí ẹni rántí àlá. Àwọn tó ń lọ sí ìdí aró ń kí mi, àwọn tó ń bọ̀ ń kí mi, àwọn ọkùnrin tó ti mọ́sálásí dé ń kí mi, ìyàwó Sálíù ń kí mi bó ṣe ń gbá ilẹ̀, yóò tún padà wá kí mi pé òun ti gbá a tán. "Ọmọ Kùmásì, ṣé ara ti ń mókun?" Àwọn mìíràn nínú wọn, n kò rí ojú wọn rí. Èmi yóò kó agbára mi jọ láti sọ pé ó ti ń mókun, wọn yóò ní "Alihamudulilahi", wọn yóò sì máa lọ. Mo ti gbé nínú yunifásítì ju ọdún kan lọ láìsí ẹni tó bèèrè bí mo ṣe jí. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ibà ń jó mi, mo sì ń ṣe kàyéfì pé irú èyí wà láyé.

Ibà lọ. Ara mi padà, àfi orí mi ni kò padà.

Mo ṣí ìwé mi pé kí n bẹ̀rẹ̀, àwọn lẹ́tà ń rìn lójú mi bí ìjàlọ. Mo lè ka gbólóhùn kan ní ìgbà márùn-ún kó má wọlé. Àtàrí mi a máa gbóná, nǹkan a máa rìn lábẹ́ irun mi, omi a sì máa bọ́ lójú mi láìnídìí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Kùmásì tó kàwé títí tó fi ń bá ògiri sọ̀rọ̀, "ìwé ti yí i lórí" ni gbogbo ayé sì sọ, títí di òní ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin tí wọ́n ti ní kí bàbá mi má rán níwèé, báwo ni bàbá mi yóò ṣe rìn láàárín wọn? Mo tilẹ̀kùn. Mo jókòó ti ìwé. Ìdánwò ń sún mọ́lé, n kò sì lè sọ ohun tó wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Mo pinnu pé n ó padà sí Kùmásì kí ojú tó tì mí tán. Mo tẹ wáyà sí bàbá mi pé kó wá sí ṣọ́ọ̀bù Kòráà, oníṣòwò kan ládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù, lọ́jọ́ báyìí, ní aago báyìí, mo sì lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń so wáyà pọ̀ pè títí, ó ní kí n wọ inú àpótí onígíláàsì, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo ní. Òkun ń hó nínú wáyà náà. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi, ó ń pariwo bí ẹni tó wà lódìkejì odò.

"Ọmọ mi! Wọ́n ní àrùn wà níbẹ̀! Ṣé ara le?"

"Ó le, bàbá."

"Ìyá rẹ ní kí n bèèrè ṣé o ti délé!"

"Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti dé."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?"

Mo fẹ́ sọ pé orí mi ti bàjẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí n máa bọ̀. Mo fẹ́ sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni. Mo gbọ́ èémí rẹ̀ tó ń dúró dè mí. Ìkíni nìkan ló rí jáde lẹ́nu mi, "Ẹ kú ìyálẹ̀ta, bàbá," wáyà sì já. Mo sunkún láti Dùgbẹ̀ dé Bẹẹrẹ, àwọn èèyàn tí n kò mọ̀ rí ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé kí n ṣe sùúrù.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ tí kò yé mi. Bí mo bá ti jókòó ti ìwé báyìí, ẹnìkan yóò ti ilẹ̀kùn wọlé, yóò jókòó. Kò ní í sọ nǹkan kan tó ní láárí. Ẹnìkan a mú ẹ̀gúsí wá, a máa bó o. Ẹnìkan a gbé ọmọ wá fún mi pé kí n bá òun gbé e. Bí ọ̀kan bá dìde, òmíràn a wọlé. Ìyàwó Sálíù ló ṣe tiẹ̀ jù: ó jókòó síwájú mi gan-an, ó ń wò mí lẹ́nu bí ẹni tó ń dúró de ìròyìn. Ìbínú mi ru. Mo fi ọwọ́ lu ìwé náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀! Ṣé ẹ ò rí i pé mò ń kàwé ni?"

Ó sáré jáde bí ẹni tí oyin lé. Láìpẹ́, Ìyá Aláró wọlé, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní o ní ò ń kàwé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwé wo? Láti ọjọ́ yìí, mi ò gbọ́ ohùn kankan."

Ó gbà mí ní àsìkò díẹ̀ kó tó yé mi. Nínú agboolé yẹn, kéwú ni kíkà tí wọ́n mọ̀: kí àwọn ọmọ gbé wàláà lé orí ẹsẹ̀, kí wọ́n máa fi ohùn gbé e, kí àdúgbò máa gbọ́. Ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ tó tẹjú mọ́ ojú kan, tí ètè rẹ̀ ò mì, ẹni tí ìbànújẹ́ mú ni. Wọ́n ti rò pé ikú kan ṣẹlẹ̀ ní Kùmásì tí n kò fẹ́ sọ. Ìyá Aláró ti pín ọjọ́ fún gbogbo ilé pé kí wọ́n má jẹ́ kí n dá jókòó. Ohun tí mo pè ní ìdíwọ́, wọ́n ń bá mi ṣọ̀fọ̀ ni.

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lójijì. Gbogbo rẹ̀ jáde. Mo sọ fún un pé kò sí òkú, orí mi ló kú. Mo sọ nípa ìjàlọ, nípa àtàrí tó ń gbóná, nípa ọmọkùnrin tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ìyá, mo ti ń ya wèrè." Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Lẹ́yìn lùkúlùkú," ó ní, "odidi oṣù kan ni mi ò fi mọ bí wọ́n ṣe ń po aró. Èmi tí wọ́n bí sídìí ìkòkò. Ìyá ọkọ mi ní kí n ṣáà máa wá jókòó sáàárín wọn. Ó padà." Ó dìde. "Gbé ìwé yẹn jáde. Kà á sókè, ká gbọ́. Bó o bá mọ̀ ọ́n, bó ò mọ̀ ọ́n, ṣáà kà á."

Bí mo ṣe gbé ìwé ìtàn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìyẹn, láàárín àwọn tó ń tọ ẹ̀kọ sáṣọ. Mo ka gbólóhùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí wọn ò ní í gbà kí n fò ó. Lọ́jọ́ kìíní, n kò ka ju ìdajì ojú ewé lọ. Wọ́n kí mi kú iṣẹ́ bí ẹni tó ti oko dé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gbé ìjókòó sílẹ̀ dè mí.

Ọba Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó fẹ́ ìyàwó mẹ́fà. Wọ́n ní ìyẹn kò burú, ọba ni. Nígbà tí mo débi tó ti pa méjì nínú wọn, gbogbo ìyẹ́ adìẹ dúró lókè. "Àwọn ìjòyè rẹ̀ ń wò ó?" ni Ìyá Aláró bèèrè. "Ẹbí ọmọ náà ńkọ́? Kò sí àgbà ní gbogbo ìlú yẹn ni?" Mo wá ìdáhùn nínú ìwé, mo sì rí i pé mo ti ka ojú ewé mẹ́ta láìmọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, mo kà fún wọn pé òyìnbó kan rin ìrìn àjò títí ó fi rí Odò Ọya.

"Ó rí i?" ni ìyàwó Sálíù wí. "Ta ló sọ ọ́ nù?"

Ẹ̀rín pa wá débi pé ẹ̀kọ dà sórí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé àtàrí mi tutù.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò wò mí sàn bí oníṣègùn ṣe ń wòsàn. Àlàbí gba oògùn wá fún mi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo lò ó, ó sì dára. Ṣùgbọ́n orí tó dá nìkan rìn lọ ni wọ́n bá mi pè padà, bí wọ́n ṣe ń pe adìẹ wálé nírọ̀lẹ́, láìsí ariwo, láìfi mí ṣẹ̀sín. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Mo gbọ́ pé àwọn ẹ̀mí kan bọ́ nílùú lọ́dún yẹn, ti àwọn tó dàgbà jù àti ti àwọn ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé èmi náà ì bá bọ́, ṣùgbọ́n nípa ti orí mi, kì í ṣe ti ibà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo pẹ́ kí n tó jáde. Mo gbọ́ tí ìyàwó Sálíù ń kígbe láti ìdí tábìlì.

"Olóhùn-iyọ̀! Ẹ̀kọ ti ń tutù o! Ṣé ẹ ò ní í wá bá wa kàwé lónìí ni?"

Mo wò yíká kí n mọ ẹni tó ń pè. Kò sí ẹlòmíràn nínú yàrá náà. Àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí ẹni pé bó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ojú mi fi gbẹ, kí n tó jáde.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Gbọ̀ngàn náà dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ṣí ìbéèrè, ó sì ṣẹlẹ̀: àwọn lẹ́tà gbéra, ìjàlọ tún dé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ nípa àwọn òyìnbó tó wá Odò Ọya kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètè kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń kéwú, ẹni tó ń ṣọ́ wa sì wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò. Mo gbọ́ ọ ketekete nínú orí mi: Ta ló sọ ọ́ nù? Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbólóhùn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ mi kò dúró mọ́.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde pé mo yege, Àlàbí gbé ìròyìn náà sáré láti yunifásítì dé Bẹyẹrunkà, ó sì bá mi tẹ wáyà sí bàbá mi pé kó wá sídìí tẹlifóònù. Mo ní èmi nìkan ni n ó lọ sí Dùgbẹ̀. Ìyá Aláró wò mí bí ẹni tó bú u.

"A ó ti ṣe tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ tó báyìí, ká má kí baba rẹ̀? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé."

Bí a ṣe kún ilé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn, obìnrin aláró mẹ́fà pẹ̀lú Àlàbí. Ọ̀gbẹ́ni tó ń so wáyà pọ̀ ní èèyàn kan ló ń wọ àpótí onígíláàsì. Ìyá Aláró gba tẹlifóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sí etí díẹ̀.

"Ẹ kú àìríra o! Ẹ kú ewu ọmọ! Àwa la ń kí yín láti Ìbàdàn!"

Mo ń gbọ́ ohùn bàbá mi bó ṣe ń ta gìrì, tó ń dáhùn, tó ń bèèrè àlàáfíà ọkọ, ọmọ àti iṣẹ́. Ìyá Aláró ń dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú rárá. Ó fi tẹlifóònù lé ẹni tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún náà kí i, ó bèèrè ìyá mi. Mo ń tọ́ka sí aago lára ògiri. Mo ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èsì, ẹ jẹ́ kí n sọ èsì." Ìyàwó Sálíù ló gbà á kẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ilé ìfìwéránṣẹ́ níwájú gbogbo èèyàn, orúnkún méjèèjì, bó ṣe yẹ kí èèyàn kí baba.

"Ẹ má mikàn o, bàbá. Olóhùn-iyọ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Ara wọn le koko."

Nígbà tí mo fi máa gba tẹlifóònù náà, ọ̀gbẹ́ni yẹn ti na ọwọ́ sókè pé àsìkò ti ń tán. Mo kígbe, "Bàbá!"

"Ta ni wọ́n ń pè ní Olóhùn-iyọ̀?"

"Èmi ni, bàbá. Ìyàwó ilé ló fún mi. Bàbá, ìdánwò—"

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Òkun hó nínú wáyà, ó dákẹ́, mo sì gbọ́ pé bàbá mi, tí n kò rí kó sunkún rí, ń sunkún ní ṣọ́ọ̀bù Kòráà, láàárín àwọn oníbàárà.

"Ó tó," ó ní. "Ó tó, ọmọ mi. N ó sọ fún ìyá rẹ pé o ti délé."